Ẹjọ́ Ẹni Tó Yẹ Àdéhùn Probéṣọ̀n

Ẹni tó wà ní béèlì, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tó wà ní probéṣọ̀n, kóòtù ti gbọ́ tirẹ̀ tán, ó ti rí i pé ẹ̀sùn náà jóòótọ́, ìyà ni wọ́n gbé kọ́, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lábẹ́ àdéhùn. Bó bá yẹ àdéhùn náà, ẹjọ́ tí wọ́n máa pè é kì í ṣe ẹjọ́ béèlì, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn tuntun. Bí wọ́n ṣe ń da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ ló jẹ́ kí ìtàn probéṣọ̀n máa ta kora.

Láyé tí Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú, ń dájọ́ ní Rẹ́mọ, ìgbọ̀wọ́ wà, ṣùgbọ́n ìgbọ̀wọ́ kì í ṣe probéṣọ̀n. Kò yẹ kí ìyẹn di àríyànjiyàn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin probéṣọ̀n ti wá. Èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1907 ni ìjọba amúnisìn kó sínú òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn Nàìjíríà ní 1945. Àdéhùn kì í ju ọdún 3 lọ. Kóòtù lè sọ ibi tí ẹni náà yóò máa gbé, ó lè ní kó má mutí, kó má bá olè rìn, kó má dé àwọn ibi kan. Ká ní ọmọ Mákun kan ní Ṣágámù ni, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dé gáréèjì kan ní Sábó mọ́. Bí oníwẹ́fíà tó ń ṣọ́ ọ fún kóòtù bá bá a níbẹ̀ lálẹ́, wọn kò ní bi í bóyá ó jalè. Pé ó débẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò búra sí ọ̀rọ̀ náà, májísíréètì yóò sì fi sámáǹsì pè é tàbí kó fi wọ́ràǹtì mú un.

Ṣé kóòtù gbọ́dọ̀ tún ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbọ́? Ibí ni iyàn wà. Òfin ní rárá: bó bá ti dá kóòtù lójú pé ó yẹ àdéhùn, ó lè dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè ẹ̀rí mìíràn. Àwọn tó ní wọ́n fi ẹ̀tọ́ dù ú kò kà á dáadáa, nítorí yíyẹ àdéhùn fúnra rẹ̀ ṣì nílò ẹ̀rí, abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sì ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ló ní láti pàṣẹ, nínú ẹjọ́ Morrissey ní 1972 (fún ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ṣáájú àkókò) àti ti Gagnon ní 1973 (fún ẹni tó wà ní probéṣọ̀n), pé kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ní ó yẹ àdéhùn kí wọ́n tó rán an lọ sẹ́wọ̀n. Òfin 1984 wá dá ìdásílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ wọn. Adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá yẹ àdéhùn rẹ̀, bí òṣùwọ̀n ẹ̀rí bá sì ti tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà kan, ó ti tó. Ẹjọ́ Haymond ní 2019 wọ́gi lé apá kan nínú òfin náà, èyí tó ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán de ènìyàn láìsí ìgbìmọ̀ adájọ́ aráàlú.

 

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ní 2015 ṣe òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tuntun. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní tirẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ìlú kún un, kò ju wákàtí 5 lóòjọ́ fún oṣù 6 lọ. Ó tún jẹ́ kí kóòtù lè tú ẹlẹ́wọ̀n ọdún 15 sókè sílẹ̀, bó bá ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta tí ìwà rẹ̀ sì dára. Òfin 2019 tó sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe ló fa probéṣọ̀n lé ẹ̀ka kan níbẹ̀ lọ́wọ́.