Orí Òkè Àgídímọ̀: Bí A Ti Ń Pèsè Ọmọ Sílẹ̀ fún Ẹ̀kọ́ Gíga

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rí. Yunifásítì kì í sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀mọ̀wé ní ọjọ́ kan; ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọmọ náà bí a ti í jókòó ti ìwé, bí a ti í béèrè ọ̀rọ̀, àti bí a ti í gba àtúnṣe láìbínú. Nítorí náà ni àwa ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó-Èkìtì fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe kí a fi yangàn, bí kò ṣe kí a lè bi ara wa léèrè pé: kín ni à ń pèsè àwọn ọmọ wa sílẹ̀ fún?

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní 1877 ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn. Ní 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Àwọn ogun ìgbà náà ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lọ sí oko ẹrú. Nínú àwọn tí Ọlọ́run mú padà wálé, àwọn kan ti gba Kristi gbọ́ ní ìdálẹ̀, wọ́n sì mú ìgbàgbọ́ àti ìwé kíkà bọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ jùmọ̀ wọ ilẹ̀ Èkìtì ni. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, katikíìsì tí ó ń wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi, òun kan náà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ọjọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ní ibi tí ó mọ. Bí ọmọ bá ti mọ ìwé kà, tí ó mọ̀ ọ́n kọ, tí ó sì lè ṣe ìṣirò díẹ̀, ọ̀nà ti dí mọ́ ọn nìyẹn. Ìjọ CMS ti dá Girama sílẹ̀ ní Èkó láti 1859. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andérù Mímọ́ ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1896. Abẹ́òkúta ní Girama tirẹ̀ ní 1908, Oǹdó sì ní tirẹ̀ ní 1919. Ọmọ Èkìtì tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀kọ́ síwájú ní láti di ẹrù rẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí baba wọn lówó tàbí tí wọ́n ní ará ní ìlú ńlá ni ó lè ṣe é.

Ní 1933, Àṣídíákónì Henry Dallimore, òyìnbó míṣọ́nnárì CMS, dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, wọ́n sì ń pè é ní Ekiti Central School. Ẹ kíyè sí orúkọ náà, nítorí inú rẹ̀ ni ète wà: ilé-ẹ̀kọ́ àárín ni, tí àwọn ọmọ tí ó ti ka ìwé abúlé tán yóò kó jọ sí láti gòkè sí i. Ní 1936 ni ó ṣí lọ sí orí òkè Àgídímọ̀, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Christ's School, èyíinì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Kristi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ mọ iṣẹ́ tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe, kí ó wo ìgbésí ayé J. F. Adé Àjàyí. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a bí i sí ní 1929. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní ìlú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá sí Adó, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì ní Èkó. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó ré kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láti 1972 títí di 1978. Ìwé tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí, tí ó jáde ní 1965, jẹ́ ìtàn àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà àti ti àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn bí. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tọ́ ni ó jókòó, tí ó sì yẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wò fínnífínní, rere àti àléébù rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá dára, ó yẹ kí ó lè bí ẹni tí yóò yẹ òun fúnra rẹ̀ wò.

Níbo ni àwọn míṣọ́nnárì ti rí àwòṣe wọn? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Thomas Arnold, àlùfáà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Rugby láti 1828 títí di 1842, ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìwà ni kí a kọ́kọ́ wá lára ọmọ, kí ìmọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó fi ilé ìsìn ṣe ọkàn ilé-ẹ̀kọ́, ó sì fi àkóso lé àwọn ọmọ kíláàsì òkè lọ́wọ́, kí wọ́n lè ti kékeré mọ ẹrù iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọ fi ní àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́, ilé gbígbé tí olúkúlùkù ní olórí rẹ̀, agogo fún ìgbà gbogbo, eré ìdárayá, àti àdá fún pípa koríko. Ọmọ ọba àti ọmọ àgbẹ̀ jùmọ̀ ń pọn omi. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Ẹ̀kọ́ pé kò sí iṣẹ́ tí ó rẹ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ ni.

Ọdún 1948 mú ohun méjì wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ṣí ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìtọ́jú Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún kan náà Kánọ́nì Leslie Donald Mason di ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Kristi, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1966. Ìbàdàn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè gbé ẹrù ìwé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Fọ́ọ̀mù Kẹfà ti ń gbilẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, Àgídímọ̀ pẹ̀lú sì ní tirẹ̀. Ètò náà kò le yé ènìyàn: lẹ́yìn ìdánwò Girama, àwọn àyànfẹ́ díẹ̀ tún ka ọdún méjì sí i fún ìdánwò HSC. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọmọ sábà máa ń yàn, yálà Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Bíbélì, tàbí Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Ìṣirò, pẹ̀lú ìwé ìdánwò kan tí ó ń béèrè èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ayé. Olùkọ́ kò tún máa pe ọ̀rọ̀ fún un kọ sílẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọ ilé ìkàwé, tí ó ń ka ìwé mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì ń sọ èyí tí ó gbà àti ìdí rẹ̀. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìkéré-Èkìtì, parí Girama Amọ́yẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ó wá sí Àgídímọ̀, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1986 ni ewì rẹ̀ gba ẹ̀bùn ewì ti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní kí a máà sọ apá kejì. Ọ̀nà náà há. Bí ó ti ń gbé ẹnìkan gòkè ni ó ń fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà pẹ̀lú, ìyà ni fún ọmọ tí ó bá fọ èdè ìyá rẹ̀, bí ẹni pé ọgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí ó ń kọ́ ọmọ.

Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, Fọ́ọ̀mù Kẹfà bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lọ́nà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó jáde ní Girama lónìí ń kọ ìdánwò JAMB, ó sì ń wọ yunifásítì tààrà. Ilẹ̀kùn ti gbòòrò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ọdún méjì yẹn ń kọ́ ọ? Àwọn òbí kan ń sanwó kí a lè wí ìdáhùn fún ọmọ wọn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò; àwọn olùkọ́ kan sì ń gba owó náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n a ti rán an r'òde láìwọ ẹ̀ṣọ́.

Ẹni tí ó bá gba Fájuyì kọjá ní Adó-Èkìtì ń pe orúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ ìlú náà, tí a pa ní July 29, 1966, pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi tí ó gbà lálejò ní Ìbàdàn. A kò wí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń sọ ni ó tọ́ ọ. Ohun tí a ń wí ni pé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ni àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, bí kò ṣe pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìpọ́njú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìbéèrè kọ́ ọmọ, ẹ má ṣe fi àkọ́sórí nìkan kọ́ ọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kọ ohun tí orí yín mọ̀. Máàkì kékeré tí ó jẹ́ tẹni sàn ju máàkì ńlá tí a jí gbé lọ. Òkè Àgídímọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ara ẹni ni a fi ń gùn ún.