Gìtá Onírin àti Aṣọ Orí Ìtàgé: Ìrántí Iṣẹ́ Démọ́lá Adépọ̀jù

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yorùbá wí. Àwọn kan náà ni wọ́n sì tún wí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo òwe méjèèjì lè rò pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Wọn kò ta ko ara wọn. Òwe kìíní ń sọ ohun tí ojú máa ń ṣe. Òwe kejì ń kìlọ̀ fún ojú pé kí ó má ṣe dá nìkan dá ẹjọ́. Orí ìtàgé olórin ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń hàn gbangba, nítorí pé níbẹ̀ ni ojú àti etí ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí ojú sì máa ń fẹ́ gba iṣẹ́ etí ṣe. Ìtàn gìtá onírin nínú orin jùjú, àti ti Démọ́lá Adépọ̀jù tí ó ta á nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ni a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ojú omi ni gìtá gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì yẹ kí á ti etí omi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpẹ̀kun gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Igbókọ̀dà títí dé Máhìn, Ugbò àti Ayétòrò, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé sì dúró lé. Àwọn ará etíkun yìí mọ̀ pé omi a máa gbé nǹkan wá, a sì máa gbé nǹkan lọ. Láyé àtijọ́, ó gbé iyọ̀, aṣọ àti ọtí àwọn Òyìnbó wá. Ní Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀ lọ. Lójú òkun tí ó kọjá níwájú wọn yìí ni àwọn Kúrú, ọmọ etíkun Làìbéríà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn Òyìnbó, ti ń gbé gìtá láti èbúté dé èbúté. Wọ́n mú un dé Èkó, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì kọ́ ọ ní ìdí ẹmu. Ohun tí omi gbé wá kì í mú àlàyé dání. Ẹni tí ó gbà á ni yóò wá ọ̀nà tí yóò gbà lò ó.

Gìtá onírin pàápàá, ọmọ omi ni. Ní erékùṣù Hàwáì, láàrin Òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Joseph Kekuku, tí a bí ní 1874, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Dípò kí olórin máa fi ìka tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá, ńṣe ni ó tẹ́ gìtá sí itan, tí ó sì ń fi ọ̀pá irin kékeré rìn lórí okùn. Ohùn kò fò láti ipò kan sí òmíràn mọ́. Ó ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀, bí ọkọ̀ tí a tì kúrò lórí yanrìn sínú omi. Nígbà tí àwọn ará Hàwáì ṣeré níbi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní San Francisco ní 1915, ìfẹ́ ohùn yìí gba Amẹ́ríkà kan. Gìtá oníná àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún títà lọ́jà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, irú rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lé orí ẹsẹ̀ bíi tábìlì. Wọ́n fi irin ìtẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹsẹ̀ olórin, wọ́n sì fi òmíràn sí i tí yóò máa fi orúnkún tì, kí ó lè fa okùn kan le tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń ta á lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Bud Isaacs ti lo irú gìtá yìí nínú orin Webb Pierce kan tí ó lókìkí ní 1954 ni ó ti di àmì ìdánimọ̀ orin ìgbèríko Amẹ́ríkà.

Orin ìgbèríko yìí sì ní aṣọ tirẹ̀. Nudie Cohn, aránṣọ kan ní California, ni ó ń rán aṣọ olókùúta dídán fún àwọn akọrin rẹ̀. Ní 1969, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Flying Burrito Brothers wọ aṣọ tí wọ́n rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ya àwòrán sí ara àpò àwo orin wọn àkọ́kọ́. Òdòdó àti oògùn olóró ni iṣẹ́ ọnà ara aṣọ Gram Parsons, akọrin wọn. Ti Sneaky Pete Kleinow, tí ó ń ta gìtá onírin wọn, ní àwòrán ẹranko ayé ìwáṣẹ̀ kan tí ń fò. Kleinow kò ta gìtá náà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta á. Ó máa ń fi ẹ̀rọ lọ́ ohùn rẹ̀ títí yóò fi máa ké gan-an-ran. Aṣọ rẹ̀ àti ohùn gìtá rẹ̀ bá ara wọn mu: ohun tí ojú rí ni etí gbọ́. Ẹni tí ó bá ti wo aṣọ náà kò ní ṣòro fún láti rántí ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ní àwọn ọdún tí gìtá onírin ń rìn káàkiri Amẹ́ríkà, orin jùjú ń dàgbà ní Èkó. Túndé King gba ohùn sílẹ̀ sínú àwo ní 1936. Àyìndé Bákàrè so iná mọ́ gìtá rẹ̀ ní 1949. Gángan wọ inú orin náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. I. K. Dáíró, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní 1963, mú àkọ́díọ̀nù wọlé. Ohun tí ó yẹ kí á kíyèsí nínú ìtẹ̀léra yìí ni pé orin jùjú kò fi ìgbà kan béèrè ibi tí ohun èlò kan ti wá. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ó lè bá wa sọ̀rọ̀? Bí àkọ́díọ̀nù bá lè gbe ohùn orin Yorùbá, a jẹ́ pé ó ti di ọmọ ilé. Ohùn gìtá onírin pàápàá kì í ṣe àjèjì pátápátá sí etí, nítorí pé àwọn ará Nàìjíríà ti ń gbọ́ Jim Reeves, akọrin ìgbèríko Amẹ́ríkà tí ó kú ní 1964, nínú rédíò àti gírámafóònù. Etí ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú kò tí ì rí i lórí ìtàgé jùjú.

Sunny Adé ni ó gbé e gun ibẹ̀. Ọmọ ìdílé ọba Oǹdó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni a bí i sí ní 1946. Kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Moses Ọláìyá, tí í ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan ní ìgbà náà. Moses Ọláìyá yìí ni ó fi háíláìfù sílẹ̀ tí ó di Bàbá Sàlá, aláwàdà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ títí tí ó fi kú ní 2018. Ta ni kò rántí aṣọ Bàbá Sàlá? Táì ọrùn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, awò ojú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n, aago ńlá tí ó yẹ kí ó wà lára ògiri ni ó sì ń gbé kọ́ ara. Aṣọ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń fi àwọn tí ó ń fi táì àti aago díwọ̀n ọ̀làjú ṣe yẹ̀yẹ́. Kí Bàbá Sàlá tó la ẹnu, aṣọ rẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀, ẹ̀rín sì ti sọ.

Ọ̀nà mìíràn ni Sunny Adé gbà. Nígbà tí ó mú gìtá onírin wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀, African Beats, ní apá ìkẹyìn àwọn ọdún 1970, kò mú fìlà etí gbọọrọ àti aṣọ olókùúta dídán tí ó bá a rìn ní Amẹ́ríkà wá. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú a máa dá aṣọ, gẹ́gẹ́ bí ẹbí ti ń ṣe níbi ìnáwó: bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Irú aṣọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìtàgé Démọ́lá Adépọ̀jù. Kò sí ẹranko tí ń fò lára rẹ̀, kò sí aago ògiri. Ó jókòó sí ìdí ohun èlò rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń jó níwájú, tí onígángan sì ń dá a lóhùn. Ojú tí ó ń wá ẹni tí yóò nọ́wó sí kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Etí ni yóò dé ibẹ̀. Gbogbo olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni a fi ń sọ èdè wa, àti pé bí ohùn kan bá ti ń kọjá sí òmíràn, a máa yọ̀: ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ yóò gùn lọ bọ́ sí ipò rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ tí ó bá tẹ̀lé ti òkè yóò sì yọ́ wálẹ̀. Gángan lè ṣe èyí nítorí pé onílù ń fún awọ rẹ̀ le, ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Gòjé lè ṣe é. Gìtá tí a fi ìka tẹ̀ mọ́ ọrùn kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn irin tín-ín-rín ọrùn rẹ̀ ti pín ohùn sí yàrá yàrá. Gìtá onírin kò ní yàrá. Ojúlé kan ṣoṣo ni gbogbo okùn rẹ̀. Ọ̀pá irin tí ó ń rìn lórí okùn, àti ẹsẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ẹ́ kí okùn le tàbí kí ó dẹ̀, iṣẹ́ tí apá onígángan ń ṣe sára ọsán ìlù rẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin tí ó ṣíwájú nínú àwo Juju Music, èyí tí a pè ní Ja Funmi, yóò gbọ́ bí gìtá náà ti ń wọlé láàrin ìlù àti orin, tí ó sọ ìwọ̀n gbólóhùn kan, tí ó sì tún dákẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹkún ni wọ́n sábà máa ń fi í sun lẹ́yìn akọrin. Adépọ̀jù sọ ọ́ di ẹni tí ń dá sí ọ̀rọ̀ láàrin àwùjọ. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó mú wá, kò sì sí aṣọ tí ó lè fi í hàn.

Ní 1982 ni ilé-iṣẹ́ Island, tí ó gbé Bob Marley jáde fún ayé, gbé Juju Music jáde. Martin Meissonnier, ará Faransé, ni ó bójú tó o. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ó du ẹ̀bùn Grammy. Aura dé ní 1984. Ẹgbẹ́ náà rin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà já, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti yí padà. Nílé, aṣọ ẹgbẹ́ náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gìtá tí ó dà bí tábìlì ni àrà. Ní Amẹ́ríkà, gìtá náà kì í ṣe àrà. Ọkùnrin tí ó wọ bùbá àti fìlà tí ó jókòó sí ìdí rẹ̀ ni àrà. Aṣọ kan náà ni, gìtá kan náà ni, ọkùnrin kan náà ni. Ojú tí ń wò wọ́n nìkan ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá kà á pé aṣọ tàbí ohun èlò olórin kan jẹ́ àràmàǹdà, ó yẹ kí á béèrè pé lójú ta ni.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ sí iṣẹ́ Adépọ̀jù dé ní 1986, nínú àwo Graceland tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú àwọn olórin Gúúsù Áfíríkà. Orin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àwo náà ń sọ nípa ìrìn-àjò lọ sí ilé Elvis Presley ní Memphis, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ tí orin ìgbèríko ti gbilẹ̀. Ibẹ̀ kò ṣàìní àwọn tí ń ta gìtá onírin. Síbẹ̀, Démọ́lá Adépọ̀jù, ọmọ Yorùbá, ni ó ta á nínú orin náà. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tí ó ta yọ jù lọ ní 1987. Orin náà pàápàá gba tirẹ̀ ní 1988. Gìtá tí ó ti Hàwáì dé Amẹ́ríkà, tí ó ti Amẹ́ríkà dé Èkó, ti padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ohùn tí ó kọ́ ní ìdálẹ̀. Nínú àwo orin, kò sí ẹni tí ó rí bùbá tàbí fìlà. Etí nìkan ni ó dá ẹjọ́ náà, ó sì dá a re.

Kí ni èyí kọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́? Bí a bá ń kọ ìtàn orin jùjú, orúkọ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ni a sábà máa ń tò: Túndé King, Àyìndé Bákàrè, I. K. Dáíró, Ebenezer Obey, Sunny Adé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn ni ó dúró níwájú, àwọn ni a ń nọ́wó sí, àwọn ni àwòrán wọn wà lára àpò àwo. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn nínú aṣọ ẹgbẹ́ ni ìtàn máa ń tètè gbàgbé, bí òkun ti ń jẹ etí ilẹ̀ Ayétòrò díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Bàbá Sàlá fi aṣọ rẹ̀ ṣọ́ orúkọ rẹ̀. Kleinow náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní aṣọ tí yóò bá a ṣọ́ orúkọ, àwa tí a ń kọ́ni ni ó yẹ kí á bá a ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Kí olùkọ́ fi Ja Funmi sí ẹ̀rọ nínú kíláàsì. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ojú, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí gìtá onírin dá sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó gòkè àti èyí tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó kọ orúkọ ẹni tí ó ta á sí ojú pátákó.