Iṣẹ́ Erin, Ìjẹ Ẹ̀lírí: Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 1945
Òṣìṣẹ́ Ayọ̀bọ̀ tó ń jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, tí owó ọkọ̀ ń gbọ́n owó-oṣù rẹ̀ gbẹ, kọ́ ni ìyà yìí kọ́kọ́ jẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà gbówó lórí l'Ékòó, owó-oṣù kò sì tó nǹkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè léwájú ìyanṣẹ́lódì tó gbà ju oṣù kan lọ. Wọn kò kórìíra iṣẹ́; iṣẹ́ erin, ìjẹ ẹ̀lírí ló sú wọn. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba amúnisìn yàn gan-an dábàá pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n-gógó wọn. Kí àwọn aláṣẹ òde òní rántí èyí kí wọ́n tó pe òṣìṣẹ́ tó ń ráhùn ní ọ̀lẹ.