Orí Inú àti Ojú Òde: Ìtàn Àwọn tó Fẹ́ Fi Ọ̀bẹ Wo Ọkàn

Ọmọ Òrìṣà máa ń gbàdúrà pé kí orí inú òun má ba ti òde jẹ́. Àwọn àgbà tó fi àdúrà yìí lélẹ̀ ti fi ibi tí àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ hàn: inú ni. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kejì. Wọ́n ní bí àwọn bá tún òde ṣe, inú náà yóò sàn.

Jacques Joseph, Júù kan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní Berlin, wà lára wọn. Ní 1896, ó dín etí ọmọdékùnrin kan kù, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ń fi etí ńlá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kọ̀ láti lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n wọ́n lé Joseph kúrò níbi iṣẹ́, torí pé ó fi ọ̀bẹ kan ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní 1898, ọkùnrin kan tún wá bá a nítorí imú ńlá. Ojú máa ń ti ọkùnrin náà láti jáde síta. Joseph dín imú náà kù, ó sì ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà Berlin pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lójú Joseph, ọkàn ni iṣẹ́ náà wò ju imú lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn Júù mìíràn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ imú tí kò ní jẹ́ kí ará ìta tètè dá wọn mọ̀. Ṣé imú ló wá ń ṣàìsàn ni, àbí ìlú tó kórìíra ẹni tó ni ín?

Ogun Àgbáyé Kìíní fi apá mìíràn hàn. Ní 1917, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan ní Sidcup, nítòsí London, fún àwọn ọmọ ogun tí ìbọn bà lójú jẹ́. Harold Gillies àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ju 11,000 lọ níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí dígí wà ní yàrá àwọn aláìsàn. Wọ́n kun àwọn bẹ́ǹṣì kan lójú ọ̀nà ní àwọ̀ búlúù, kí ará àdúgbò lè mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ lè jókòó síbẹ̀. Ẹni tí kò dá ojú ara rẹ̀ mọ̀ mọ́, tí aráyé sì ń yí ojú kúrò lára rẹ̀, kì í ṣe ẹwà ló ń wá. Ó fẹ́ padà di ènìyàn láàárín ènìyàn ni.

Ní New York, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Maxwell Maltz rí ohun mìíràn. Nínú ìwé rẹ̀ Psycho-Cybernetics, tó jáde ní 1960, ó ní ìwà àwọn kan máa ń yí padà gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á wo dígí, wọn á rí ojú tuntun, síbẹ̀ wọn á ní kò sí ohun tó yí padà. Maltz wá gbà pé ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀ kan nínú ọkàn, tí ọ̀bẹ kò lè dé ibẹ̀. Ohun tí ọmọ Òrìṣà mọ̀ tipẹ́ nìyẹn.

Bràsíl ni ìtàn yìí ti wọ ilé Òrìṣà. Ní oṣù Kejìlá 1961, àgọ́ eré kan jóná ní Niterói, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ivo Pitanguy wà lára àwọn dókítà tó tọ́jú àwọn tí iná jó. Ó tún dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Santa Casa ní Rio de Janeiro, níbi tí tálákà ti lè rí iṣẹ́ abẹ ẹwà ṣe, torí ó gbà pé ìtìjú ń dun tálákà bó ṣe ń dun olówó. Àánú wà nínú èyí. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ náà, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe imú aláwọ̀ dúdú. Ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Obìnrin tó bá jogún imú ìyá ìyá rẹ̀ lè gé e, kí ìtìjú rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ yóò tún gbé imú yẹn wáyé, yóò sì bá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀.

Ojú Yorùbá náà mọ abẹ. Olóòlà kọ àbàjà, pélé àti gọ̀mbọ́ sójú ọmọ, kí aráyé lè mọ ilé tí ọmọ ti wá. Nígbà oko ẹrú ní Bràsíl, ìwé ìròyìn a máa to ilà ojú sílẹ̀ kí wọ́n lè mú ẹrú tó sá. Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní Nàìjíríà kò gba kíkọ ilà sára ọmọ mọ́, wọ́n sì ń fi ilà bú àwọn kan tó ní i. Ilà kan náà ló ti jẹ́ iyì, tó jẹ́ àmì ẹrú, tó sì di ohun yẹ̀yẹ́. Ojú tí a kọ ọ́ sí kò yí padà. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló yí padà.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ilé Òrìṣà dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí iná jó ní ẹ̀tọ́ láti wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Ọbàtálá ló mọ ara, afín, abuké àti arọ sì ni à ń pè ní ẹni òrìṣà. Ara tó yàtọ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń ronú ọ̀bẹ, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ojú ta ni mo fi ń wo ara mi? Kí ó bọ orí rẹ̀, kí ó gbọ́ ohun tí Ifá máa wí, kó tó lọ bá dókítà.

Kí orí inú má ba ti òde jẹ́. Àṣẹ.