Ẹni Pupa Kọ́, Káàdì Pupa Ni

Nígbà tí mo fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà sílẹ̀ de àjálù, orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ló kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́. "Eré" kò ṣe é pè é: ẹni tó bá gbọ́ eré, ìran ni yóò jókòó wò. "Àfarawé" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀bọ náà ń ṣe àfarawé. "Ìdánrawò" ni mo mú. Lóòótọ́, ilé ìwé ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì, àmọ́ ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ara ta ni wọ́n ń dán wò? Ara dókítà ni, kì í ṣe ti aláìsàn. Kó ṣe àṣìṣe níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kú.

"Ọmọlangidi", fún ère ènìyàn tí dókítà fi ń dánra wò, kò yọ mí lẹ́nu rárá. Àwọn kan ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, kò yẹ dókítà. Bẹ́ẹ̀, Asmund Laerdal ọmọ Norway, tó gbé ọmọlangidi ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní Resusci Anne jáde lọ́dún 1960, ohun ìṣeré ọmọdé náà ló ń ṣe tà tẹ́lẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀dà yà sára ẹni tó ń díbọ́n pé òun fara pa, "ọgbẹ́ àtọwọ́dá" ti tó.

Ibi tó le ni ìgbà tí àwọn tó fara pa bá pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀, tí wọ́n ní láti pinnu ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ Faransé kan, triage, ni wọ́n ń lò fún un. Mo fẹ́ pè é ní "àṣàyàn", mo tún jáwọ́: àṣàyàn létí wa ni èyí tó dára jù. Níbí, ẹni tó burú jù tó sì tún ṣeé gbà là ló ń ṣíwájú. "Ìpín-sísọ̀rí" kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Àwọ̀ káàdì tí wọ́n ń so mọ́ ẹni tó fara pa láti fi ìsọ̀rí rẹ̀ hàn wá ńkọ́? Ìlànà START, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Newport Beach ní California lọ́dún 1983, ní mẹ́rin. Ẹni tó lè rìn, àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mí, kódà lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, dúdú. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló tó mí, tàbí tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣàn dáadáa, tàbí tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, pupa. Èyí tó bá kù, yẹ́lò. Ó dùn-ún kà lórí ìwé. Ẹ wá pariwo lójú títì pé, "Ẹ gbé ẹni pupa yẹn wá!" Ọ̀gbẹ́ni aláwọ̀ pupa kan tó kàn dúró wòran ni wọn yóò kì mọ́lẹ̀. "Ẹni dúdú" ńkọ́? Èwo nínú wa? Bí a bá sì ní "káàdì pupa", bọ́ọ̀lù ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa: ẹni tó gbà á, ìta ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé.

Èrò tèmi ni pé kí àwọ̀ dúró lára káàdì, kí ẹnu máa pe ohun tó yẹ ní ṣíṣe: "Gbé e báyìí." "Ó lè dúró díẹ̀." "Ó ń rìn." Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìyẹn dúdú, ni mo ṣì ń wá. "Ẹ fi í sílẹ̀" ni òótọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ lè wà nítòsí. Níbi ìdánrawò tó ń bọ̀, mo fẹ́ tẹ́tí sí ohun tí àwọn tó ń gbé aláìsàn yóò sọ síra wọn kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.