Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé láàrin àwọn Yorùbá

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé láàrin àwọn Yorùbá ni àwọn orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Sàró tí ó padà wálé, àti àwọn ìjọba amúnisìn. Ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n: ní Ọjà Akẹ̀sán, tí ó wà nítòsí ààfin Aláàfin, Ìyá Sámúẹ́lì àti Ìyá Ayọ̀délé lè jọ máa tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orúkọ Yorùbá nìkan ni ó ní ìtumọ̀, pé ìró lásán ni ti òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ òyìnbó náà ní ìtumọ̀. Ìtumọ̀ ọ̀hún ni kò bá orúkọ wọkọ̀ wá sí Áfíríkà.

Crowther àti Johnson

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni ti Àjàyí, tí a bí ní Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Samuel jẹ́ orúkọ Hébérù tí a sábà máa ń túmọ̀ sí "orúkọ Ọlọ́run". Ṣùgbọ́n Crowther kò jẹ mọ́ ìsìn rárá. Ẹni tí ń ta crwth, ohun èlò olókùn kan tí ó jọ gòjé, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Orúkọ iṣẹ́ ni, ó sì bá orúkọ àwọn ìdílé onílù bíi Àyándélé àti Àyántúndé tan. Àjàyí ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, èyí tí a ń fún ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà ìbí. A sì ń pè é mọ́ ti òyìnbó títí dòní.

Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní Sierra Leone ní ọdún 1846, wá láti ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ọ̀yọ́ ni ó ti parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní ọdún 1897. Ọdún 1921 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Johnson túmọ̀ sí "ọmọ John", John yìí kan náà sì ni Jòhánù inú Bíbélì Yorùbá, "Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́". Ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Aláàfin wá ń jẹ́ orúkọ ìdílé tí kò tọ́ka sí Aláàfin kankan. Láyé ìgbà náà, orúkọ, oríkì àti oríkì orílẹ̀ ni Yorùbá fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Ògúndélé mọ̀ pé ilé ológùn ni. Ẹni tí ó gbọ́ Johnson kò lè sọ bóyá Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀ṣà ni onítọ̀hún.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́yìn tí àwọn Norman láti àríwá ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066 ni William, Robert àti Henry gbilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí William pọ̀ jù ní abúlé kan, wọ́n ní láti fi orúkọ bàbá, iṣẹ́, ibùgbé tàbí ìrísí dá wọn mọ̀. Báyìí ni a ṣe rí Williams, Thompson (ọmọ Tom), Smith (alágbẹ̀dẹ), Taylor (aránṣọ) àti Brown, tí ó jẹ mọ́ àwọ̀ ara tàbí irun. Ní Wales, "ab Owen", èyí ni ọmọ Owen, di Bowen. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, ó sì tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1858. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá kan ń jẹ́ ní ìlú náà lónìí.

Orúkọ Faransé

Láàrin àwọn Yorùbá Kétu, Sakété àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, orúkọ àbísọ Faransé ni ó wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, òfin ọdún 1803 fi orúkọ ọmọ mọ sí èyí tí ó wà nínú kàlẹ́ńdà tàbí ìtàn ayé àtijọ́. Ọdún 1993 ni a tó tú okùn náà pátápátá. Noël ni ọmọ tí a bí nígbà Kérésìmesì, Pascal sì jẹ mọ́ Àjíǹde, ọ̀nà kan náà tí Yorùbá fi ń sọ ọmọ ní Abíọ́dún. Dieudonné ni "Ọlọ́run fi fúnni", ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Olúfúnmi. Ìjọra máa ń tanni jẹ nígbà mìíràn: René túmọ̀ sí "àtúnbí", ṣùgbọ́n ìrìbọmi ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe bàbá tí ó padà wá bíi ti Babátúndé. Lefebvre, orúkọ ìdílé, jẹ́ alágbẹ̀dẹ gẹ́gẹ́ bíi Smith.

Ìpadà sí orúkọ Yorùbá

William James Davies, tí a bí sí ìdílé Yorùbá, di Orishatukeh Faduma ní ọdún 1887. David Brown Vincent, aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Vincent tí ó sọ nù túmọ̀ sí "ẹni tí ń ṣẹ́gun", orúkọ tí kò burú bí wọ́n bá ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yan ọ̀nà àárín: orúkọ ìrìbọmi ṣíwájú, ti Yorùbá kẹ́yìn, bí a ti rí i lára Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí a bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1910.