Ìtàn Ẹ̀rọ Tí Ń Ka Ìṣísẹ̀ Ọmọ Ènìyàn

Kò sí ìlú ńlá kan lónìí, láti Èkó àkéte dé Lọ́ńdọ̀nù ìlú ọba, tí a kò ní bá àwọn tí wọ́n ń yọ fóònù wò ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n, bí kò ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ iye ìṣísẹ̀ tí wọ́n ti gbé láti òwúrọ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ti pé 10,000, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ẹgbàárùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé a máa yọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé a máa banú jẹ́, àfi bí ẹni tí ó rú òfin oníṣègùn. Àwọn arúgbó sì wà láàrin wa tí wọ́n pa rírìn tì pátápátá, nítorí pé ìdajì iye náà ni agbára wọn ká, tí wọ́n sì rò pé ohun tí kò bá pé ẹgbàárùn-ún kò ṣe ara láǹfààní kankan. Nítorí irú wọn ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ iye yìí lọ sí orísun rẹ̀, nítorí bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Kíka ìṣísẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ ọmọ ogun, tí a kà láti ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá tẹ ilẹ̀ títí ẹsẹ̀ kan náà yóò fi tún tẹ̀ ẹ́, ṣe òṣùwọ̀n máìlì kan. Vitruvius, ọ̀gá nínú àwọn ọ̀mọ̀lé wọn, sì ṣe àpèjúwe ọkọ̀ kan nínú ìwé rẹ̀, tí àwọn àgbá eléyín inú rẹ̀ ń yí ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ náà bá rin máìlì kan gééré, òkúta wẹ́wẹ́ kan yóò já bọ́ sínú àwo idẹ, tí ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ yóò sì gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, wọn yóò ka òkúta inú àwo, wọn yóò sì mọ bí ìrìn ọjọ́ náà ti gùn tó. Ní 1788, Thomas Jefferson, ẹni tí ó padà di ààrẹ kẹta ní Amẹ́ríkà, ra ẹ̀rọ akaṣísẹ̀ kan ní Paris fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Madison. Òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò ó pé ìṣísẹ̀ 2,066 àti ààbọ̀ ni òun ń gbé kí máìlì kan tó pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n pé nígbà òtútù, tí ara ń mú ènìyàn já fáfá, 1,735 ti tó.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú wọn ni ti Inō Tadataka ní Jàpáánì, oníṣòwò kan tí ó ti fi òwò lé àrólé lọ́wọ́, tí ó yẹ kí ó jókòó jẹ́jẹ́ máa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbéra ní 1800, nígbà tí ó di ẹni ọdún 55, láti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀. Ó ti kọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì títí tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń jẹ́ nǹkan bí 69 sẹ̀ǹtímítà, kò ní dín, kò ní lé, ì báà jẹ́ orí iyanrìn ni ó ń tẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi ara rẹ̀ jì fún. Ó ti kú ní 1818 kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó parí àwòrán ilẹ̀ náà ní 1821.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń wọ̀n. Díẹ̀ ni àwọn tí ó rò ó pé ara ẹni tí ń rìn ni ó yẹ kí a wò, títí di ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, tí àrùn ọkàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkùnrin tí wọn kò ì tí ì darúgbó lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí ó jí ní àlàáfíà ní òwúrọ̀ a máa ṣubú lulẹ̀ kí oòrùn tó kanrí, tí kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ohun tí ó fà á. Nígbà náà ni Jeremy Morris, oníṣègùn tí a tọ́ dàgbà ní Glasgow, gbé ojú lé àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì pupa onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin méjì ni í wà nínú ọkọ̀ kan náà, ipò wọn láwùjọ kò sì jìnnà síra: dírẹ́bà jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gun nǹkan bí 600 àtẹ̀gùn kí iṣẹ́ ọjọ́ kan tó parí. Nígbà tí a tẹ ìwádìí náà jáde ní 1953, lẹ́yìn tí a ti yẹ nǹkan bí 31,000 ọkùnrin wò, ó hàn gbangba pé àrùn ọkàn kì í sábà mú kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó bí ó ti ń mú dírẹ́bà, pé bí ó bá sì mú un, kì í tètè pa á. Bákan náà ni ó rí láàrin àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà kiri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì.

Àwọn kan ní kì í ṣe iṣẹ́ ni ó fà á, pé bóyá àwọn tí wọ́n ti sanra tẹ́lẹ̀ ni ó ń yan iṣẹ́ dírẹ́bà. Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jà, wọ́n lọ sí ibi tí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ sí, wọ́n sì ń ka ìbàdí ṣòkòtò àwọn ọkùnrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i ní 1956 pé òótọ́ ni pé ìbàdí ṣòkòtò dírẹ́bà fẹ̀ ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, ṣùgbọ́n pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tí ó sanra ni ikú òjijì jìnnà sí ju dírẹ́bà tí ìbàdí rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ìwádìí tí ó gbọ́n jù lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, nítorí pé aṣọ tí gbogbo ayé kà sí ohun yẹpẹrẹ ni ó jẹ́rìí. Morris fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní pápá Hampstead Heath ní àkókò tí àgbàlagbà tí ń sáré láìsí ohun tí ń lé e jẹ́ ohun ìyanu. Ó kú ní 2009, ẹni ọdún 99.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Jàpáánì. Ní 1964 ni eré ìdárayá Òlíńpíìkì wáyé ní Tokyo, orílẹ̀-èdè náà sì ń ru gùdù fún ọ̀rọ̀ ara líle. Ní ọdún kejì, 1965, ilé iṣẹ́ Yamasa gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kọ́ mọ́ bẹ́líìtì jáde. Irin kan ni a fi sípíríǹgì so rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀, irin náà a fì sílẹ̀, a tún padà sókè, a sì ti eyín àgbá kan síwájú. Manpo-kei ni wọ́n sọ ọ́, èyíinì ni òṣùwọ̀n ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Ibí yìí gan-an ni iye náà ti wá: orúkọ ọjà ni, tí a yàn nítorí pé ó rọrùn láti pè, ó sì rọrùn láti rántí, kì í ṣe ohun tí àwọn oníṣègùn jókòó sí ilé ìwádìí tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí. Nígbà tí ó yá ni ọ̀jọ̀gbọ́n Yoshiro Hatano wá gbé e yẹ̀wò tí ó sì ní ó bójú mu. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Iye tí a fi sọ ẹ̀rọ lórúkọ di àṣẹ fún gbogbo ayé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ni ó mú àwọn ará Jàpáánì rìn. Àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn ti ń dìde káàkiri ilẹ̀ náà ní àkókò kan náà, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń pàdé láti jọ rìn. Àwọn ni wọ́n gba iye náà mú, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Ìjọba Jàpáánì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ ará ìlú láti 1989, ní 2000 ó sì fi lélẹ̀ pé kí ọkùnrin máa rin 9,200, kí obìnrin máa rin 8,300 lójúmọ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, nígbà tí wọ́n tún kà á, ìṣísẹ̀ àwọn ènìyàn ti fi nǹkan bí 1,000 dín sí ti àtẹ̀yìnwá. Iye wà, ẹ̀rọ wà, àṣẹ ìjọba pàápàá wà. Ó ku ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn pé ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ.

Láti ìgbà náà, irin onísípíríǹgì ti di ohun wínníwínní tí ó wọ inú fóònù. Ní 2009 ni ilé iṣẹ́ Fitbit, tí James Park àti Eric Friedman dá sílẹ̀ ní 2007, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀, kò sì pẹ́ tí akaṣísẹ̀ fi kúrò ní bẹ́líìtì bọ́ sí ọrùn ọwọ́. Àwọn olùwádìí ní Stanford ti kó ìwádìí 26 jọ ní 2007, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ń lo akaṣísẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kún ìrìn wọn, pàápàá àwọn tí wọ́n ní iye kan tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ní Pittsburgh, àwọn ọ̀dọ́ 471 tí wọ́n fẹ́ fọn ni a pín sí ọ̀nà méjì, a fi ẹ̀rọ sí apá àwọn kan, a ní kí àwọn yòókù máa kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fúnra wọn. Nígbà tí ọdún méjì pé, àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ ti fọn ní kìlógíráàmù 5.9, àwọn ẹlẹ́rọ ní 3.5 péré. Èyí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nígbà tí ó jáde ní 2016. Kò yà mí lẹ́nu.

Ní ti àwọn arúgbó tí mo mẹ́nu bà, ọ̀rọ̀ ìtùnú ti dé fún wọn ní 2019, nígbà tí I-Min Lee ní Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ka ìṣísẹ̀ àwọn obìnrin 16,741, tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 72 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọ́n ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ ni ikú fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí ju àwọn tí ń rin 2,700 lọ, àǹfààní náà sì ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, níbi tí ó ti dúró. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbàárùn-ún. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí ìyá tí ó lè rìn láti ilé dé ọjà kí ó sì padà má ṣe jẹ́ kí fóònù sọ fún un pé asán ni òun ṣe.

Èyí tí ó sì tún fi ìdí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ múlẹ̀ wá láti Framingham ní Massachusetts, ìlú tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣọ́ ọkàn àwọn ará ibẹ̀ láti 1948. Mitesh Patel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọ ènìyàn, kó àgbàlagbà 200 láti inú ìdílé 94 jọ, gbogbo wọn ni a fún ní akaṣísẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ní iye tí wọ́n ń lé. Ìdajì àwọn ìdílé náà nìkan ni a fi eré lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀, ìdílé a gba máàkì 70. Lójoojúmọ́, a ó mú ọ̀kan nínú wọn láìsọ tẹ́lẹ̀: bí ó bá ti rin ìrìn tirẹ̀ ní àná, máàkì ilé wọn yóò pé, bí kò bá rìn ín, gbogbo ilé ni yóò pàdánù 10. Àwọn onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, ti kọ ọ́ láti 1979 pé ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni a máa dunni ju bí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti ń dùn mọ́ni lọ, ìdí nìyí tí Patel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ́kọ́ fún àwọn ìdílé ní máàkì kí wọ́n tó máa gbà á padà. Kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó jẹ́ pé nítorí ìjókòó òun ni ìyá àti àbúrò òun fi pàdánù. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é: àwọn tí kò ṣeré fi 636 kún ìṣísẹ̀ wọn lójúmọ́, àwọn tí wọ́n ṣe é fi 1,661 kún un. A dá eré náà dúró, a sì tún ṣọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn láìsí máàkì. Ti àwọn ìdílé tí wọ́n ti ṣeré rí dín kù díẹ̀, ó di 1,385, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 798.